Àwo jùjú àti àpàlà àtijọ́: ká tọ́jú wọn ni, àbí ká dáńlóòdù?

Àkànní: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwo ńlá bí ogójì wà nílẹ̀, pẹ̀lú síídì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀pọ̀ orin inú wọn ló ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé kí n dáńlóòdù wọn, kí n kó àwo fún ẹni tó bá fẹ́? Bí mo bá sì fẹ́ dà á sínú kọ̀ǹpútà fúnra mi, kí ni màá rà?

Abẹ́rẹ́ Jẹ́jẹ́: Ẹ má tíì kó nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Àwo jùjú ti Obey tàbí Sunny Adé, orin kan ló sábà máa ń wọnú òmíràn láìdánu dúró títí ojú kan á fi tán, bí ìṣẹ́jú 18 sí 20. Ẹni tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì á gé e sí wẹ́wẹ́, nígbà mìíràn ibi tí gángan ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ gan-an ni yóò gé. MP3 tún máa ń fi ìdákẹ́ bíńtín kún ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí fáìlì, ìlù á wá máa já.

Ẹ̀rọ àwo, phono preamp (àpótí kékeré tó ń tún ohùn àwo ṣe) àti audio interface tó ń lo USB (èyí tó ń gbé ohùn wọnú kọ̀ǹpútà) lẹ máa nílò. Ẹ má ki wáyà ẹ̀rọ àwo bọ kọ̀ǹpútà tààrà. Wọ́n ti dín ohùn ìsàlẹ̀ kù nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ àwo. Preamp ló ń dá a padà. Láìsí i, ìyá ìlù á máa dún bí agolo. Ìwúwo abẹ́rẹ́ sábà máa ń jẹ́ gíráàmù 1.5 sí 2, ẹ wo ìwé tó bá a wá. Bó bá fúyẹ́ jù, á máa fò, á sì máa ha ipa àwo.

Nínú Audacity, ìyẹn ètò ìgbohùnsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà, ẹ fi sí 24-bit, 44.1 kHz. Ẹ ṣí ibi tí ìlù ti le jù lórí àwo, kí ohùn má kọjá -6 dB. Bó bá kan 0, ó ti fọ́ nìyẹn. FLAC, irú fáìlì tí kì í gé ohùn kankan sọnù, ni kí ẹ fi pamọ́.

Bí àwo kan bá wúwo, tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má fi spirit nù ún, á jẹ ẹ́. Abẹ́rẹ́ àwo ńlá (LP) kò sì bá a mu, ipa tirẹ̀ fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Síídì: Ti síídì yá. Ètò Exact Audio Copy lórí Windows ni kí ẹ fi dà á sínú kọ̀ǹpútà. Ó máa ń tún ibi tó bá fura sí kà. Ẹ gbé síídì sókè síná kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ ní ojú ihò wínníwínní, ibẹ̀ ti jẹrà. Ojú tí wọ́n kọ orúkọ sí ló gbẹgẹ́ jù, abẹ́ ẹ̀ gan-an ni alumíníọ̀mù wà. Èyí tí ìdí rẹ̀ ṣe bíi búlúù tàbí ewé, ẹ̀dà tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ ni. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ dà, oòrùn máa ń pa á.

Àkànní: Ẹ ṣé gan-an. Ààyè tó máa gbà ńkọ́? Àwọn MP3 tó wà lọ́wọ́, ṣé mo lè sọ wọ́n di FLAC?

Ìyá Síídì: Rárá o. Ohun tí MP3 ti gé sọnù, FLAC kò lè mú un padà. Fáìlì á kàn sanra lásán ni. Síídì tó kún, bíi MB 500 ní FLAC. Àwo ńlá kan, bíi 400. Gbogbo tiyín á wọnú fláàṣì GB 32, ṣùgbọ́n méjì ni kí ẹ rà, kí ọ̀kan wà nílé ẹlòmíràn. Fún fóònù, ẹ fi FLAC ṣe MP3 320 kbps, ó tó.

Abẹ́rẹ́ Jẹ́jẹ́: Ẹ ya fọ́tò páálí àwo náà, iwájú àtẹ̀yìn. Orúkọ àwọn onílù tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í sábà bá orin dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ sì to àwo ní ìnàró, jìnnà sí fèrèsé.