Dexamethasone, ìfúnpá inú ojú àti àmì orí DNA: ọ̀nà wo ni ká gbà?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Sẹ́ẹ̀lì trabecular meshwork, ibi tí omi ojú ń gbà ṣàn jáde (tó bá dí, ìfúnpá á ga, glaucoma, àrùn tó lè fọ́ni lójú, lè tẹ̀ lé e), la ń fún ní dexamethasone (oògùn steroid) 100 nM fún ọjọ́ 7. Ethanol lásán ló wà nínú abọ́ ìfiwéra. Myocilin, protein tí sẹ́ẹ̀lì yìí máa ń pèsè sí i tó bá gba dexamethasone, ń pọ̀ sí i, nítorí náà sẹ́ẹ̀lì náà kì í ṣe ayédèrú.

Methylation (àmì kẹ́míkà orí DNA) lórí FKBP5, jíìnì kan tó ń dáhùn sí steroid, ló ta kókó. Bisulfite, kẹ́míkà tí a fi ń ka àmì náà, kò mọ 5mC (àmì methyl lásán) yàtọ̀ sí 5hmC (àmì methyl tó ti gba oxygen). Enzymatic methyl-seq, tó ń lo enzyme dípò bisulfite, kì í ba DNA jẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun náà kò yà wọ́n. Oxidative bisulfite máa yà wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń run DNA, tiwa ò sì pọ̀.

Èwo lẹ máa yàn? Ẹ má bínú pé ó gùn. A dúpẹ́ ṣáájú.