Tábìlì ráútà tí kò gbówó lérí: fún gáréèjì níbí, àti fún ṣọ́ọ̀bù bàbá ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó (Maryland):
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Mo fẹ́ ra tábìlì ráútà fún gáréèjì mi, ìyẹn tábìlì tí wọ́n ń so ráútà (ẹ̀rọ káfíńtà tó ń fi bíìtì, abẹ kékeré tó ń yí, gé igi) mọ́ lábẹ́. Mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tó ní pánẹ́ẹ̀lì láàrin. Owó tí mo dá sílẹ̀ fún tábìlì nìkan kò ju 250 dọ́là lọ. Ohun kejì ni pé bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà nílé, mo sì fẹ́ kí wọ́n ní tiwọn kí Iléyá tó dé, torí mo ń bọ̀ wá fún Ojúde Ọba. Ṣé kí n kúkú ra méjì pọ̀, kí n kó ọ̀kan sínú bárẹ́lì ránṣẹ́ sílé?

Bàbá Ìbejì (Houston):
Àbúrò, o kú ìnáwó. Má tíì ra méjì. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí.

Tábìlì àkọ́kọ́ tí mo rà, ẹ̀dínwó ló fà mí. Ó rẹwà nínú àwòrán: fẹ́ǹsì rẹ̀ (pákó ìdábùú tí igi ń fara tì bó ṣe ń kọjá lára bíìtì) ní rúlà lára, súìṣì pupa ńlá wà níwájú. Mo so ráútà mọ́ abẹ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Igi mẹ́rin tó yẹ kó yí ilẹ̀kùn kan ká, ọjọ́ kan náà ni mo gé gbogbo wọn. Nígbà tí mo fẹ́ kó wọn pọ̀, oríkèé kan bára mu, èyí tó tẹ̀ lé e yọ sókè débi pé èékánná mi ń kọ́ ọ. Mo rò pé ọwọ́ mi ni kò tíì mọ iṣẹ́. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń gé, tí mo ń dà nù. Lálẹ́ ọjọ́ kan ni mo gbé rúlà irin gígùn lé ojú tábìlì náà lórí, mo sì tan iná fóònù sẹ́yìn rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ rúlà ní àárín gbùngbùn, níbi tí ráútà rọ̀ sí gẹ́lẹ́. Ojú tábìlì ti tẹ̀ wọnú. Ráútà ńlá wúwo tó kílò márùn-ún sí mẹ́fà, ó sì wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Pẹpẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn kò lè gbé e.

Látìgbà náà, ojú tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni mo ń sanwó fún. Tó o bá dé ilé ìtajà, mú rúlà irin lọ́wọ́. Gbé e lé e ní gígùn, gbé e lé e ní ìbú, kó o wá gbé e láti igun dé igun lẹ́ẹ̀mejì. Wo ibi tí pélétì àárín (pẹlẹbẹ tí ráútà rọ̀ mọ́) bá tábìlì pàdé dáadáa. Tí bébà bá lè wọlé sábẹ́ rúlà, wo òmíràn. Má jẹ́ kí ojú tì ọ́ lọ́dọ̀ wọn, owó rẹ ni.

Nínú èyí tí wọ́n ń tà ní iye tó o dá, Bosch RA1181 ni mo lè tọ́ka sí. Alumíníọ́mù ni ojú rẹ̀, ó fẹ̀ tó ínṣì 27 sí 18, ó sì gba oríṣiríṣi ráútà. Àwọn tó kéré jù ú lọ wà, wọ́n sì dín lówó, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù lo fẹ́ ṣe. Igi gígùn á máa fì lọ́wọ́ rẹ lórí tábìlì kékeré.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni fẹ́ǹsì. Àwọn tó ń tajà á sọ fún ọ pé fẹ́ǹsì wọn ní jíà, ó ní òdiwọ̀n wínníwínní. Ráútà kò rí bí ayùn orí tábìlì. Fẹ́ǹsì ayùn gbọ́dọ̀ bá abẹ ayùn rìn ní ìbádọ́gba, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, igi á há. Ní ti ráútà, òbìrìkìtì ni bíìtì, ibi yòówù tí fẹ́ǹsì bá kọjú sí, kò kàn án. Bí fẹ́ǹsì ṣe jìnnà sí i tó nìkan ló ṣe pàtàkì. Pákó kan tó tọ́ gbọnrangandan, tó o gé ihò fún bíìtì láàrin, pẹ̀lú kíláǹpù méjì, ó ti tó fẹ́ǹsì. Tó o bá fẹ́ sún un díẹ̀, dá orí kan rẹ̀ dúró, kó o fi òòlù kékeré kan orí kejì. Tí orí kejì bá sún ní mìlímítà kan, ìdajì mìlímítà péré ló máa sún níbi bíìtì tó wà láàrin. Òdiwọ̀n wínníwínní tí wọ́n ń tà fún ọ nìyẹn, o ti rí i lọ́fẹ̀ẹ́.

Owó tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ, fi kún owó ráútà. Ra èyí tó lè gba bíìtì tí ọ̀pá rẹ̀ nípọn tó ìdajì ínṣì, tó sì ṣeé dín eré rẹ̀ kù. Bíìtì ńlá tó ń gé etí pánẹ́ẹ̀lì lè fẹ̀ ju ínṣì mẹ́ta lọ. Kò gbọdọ̀ sáré ju ìyípo 10,000 sí 12,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ráútà tó jẹ́ pé 25,000 nìkan ló mọ̀, má fi bíìtì yẹn sẹ́nu rẹ̀ láéláé.

Ìyá Rẹ́mọ (Birmingham):
Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Ìbejì. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ iná kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹrù tí à ń fi ránṣẹ́ ti ń bàjẹ́.

Àbúrò, iná Amẹ́ríkà tó o wà, fólítì 120 ni. Tilé jẹ́ 230. Tó o bá kó ráútà Maryland lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó tí ẹnìkan sì so ó mọ́ iná láìmọ̀, èéfín lẹ máa kọ́kọ́ rí. Tiransífọ́mà tó lè gbé e gbọ́dọ̀ tóbi, ó wúwo, ó sì jẹ́ ohun mìíràn tó lè bàjẹ́. Súìṣì tó wà lára tábìlì Amẹ́ríkà náà, iná 120 ni wọ́n ṣe é fún. Níbí ní ìlú ọba, 230 ni tiwa, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wa sì ni wọ́n ń lò nílé. Ráútà tí mo rà fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ṣàgámù, Triton TRA001, ọjọ́ tó dé ni wọ́n so ó mọ́ iná. Ó ní ọ̀pá kan tí wọ́n ń fi yí i láti òkè tábìlì, tí bíìtì á máa gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún mọ iyì ìyẹn.

Ṣùgbọ́n wáàtì 2,400 ni. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè jí i. Béèrè lọ́wọ́ Bàbá irú èyí tí wọ́n ní. Tí kò bá tó 3.5 kVA, ra ráútà tó kéré ju ti ẹ̀gbọ́n mi lọ.

Ohun tó dùn mí ni tábìlì tí mo fi kún ẹrù náà. MDF (pákó tí wọ́n fi igi lílọ̀ ṣe) ni ojú rẹ̀. Òjò oṣù keje ń jò láti ara páànù, ó ń kán sí igun kan. Nígbà tí wọ́n fi máa rí i, igun yẹn ti wú bíi búrẹ́dì tó jábọ́ sínú tíì. Ẹ̀gbọ́n mi gé pílíwúùdù fúnra wọn, wọ́n lẹ méjì pọ̀, wọ́n sì lo fọ́máíkà. Òun ni wọ́n ń lò dòní.

Bàbá Ìbejì (Houston):
Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni Ìyá Rẹ́mọ sọ. Àbúrò, má fi tábìlì ránṣẹ́ sí káfíńtà. Fi pélétì, ráútà àti bíìtì ránṣẹ́, Bàbá á ṣe tábìlì fúnra wọn. Pílíwúùdù mìlímítà 18 méjì, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́. Kí wọ́n lẹ fọ́máíkà sí òkè, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ òkè nìkan, ìsàlẹ̀ á máa mu ọ̀rinrin, pákó á sì ká.

Irú igi wo ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó (Maryland):
Ìrókò fún ilẹ̀kùn ńlá, igi ọmọ àti arẹ̀rẹ́ fún iṣẹ́ inú ilé. Mẹlina náà ń wá láti apá J4, igbó ìjọba ní ìpínlẹ̀ Ògùn.

Bàbá Ìbejì (Houston):
Arẹ̀rẹ́ àti ọmọ rọ̀, kò sí wàhálà. Ìrókò ni kó o ronú lé. Bàbá mọ òkúta inú ìrókò dáadáa, òkúta funfun tó máa ń sá pamọ́ sínú igi. Bíìtì irin lásán á kú lórí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Oní-kábáìdì, èyí tó le ju irin lọ, ni kó o rà. Ra mẹ́ta tó dára, má ra àpótí tó ní ọgbọ̀n tí kò mú. Ìrókò tún ń yí ìṣàn rẹ̀ padà, ó ń ta sọ́nà méjì nínú pákó kan ṣoṣo. Ẹ má gé e tán lẹ́ẹ̀kan, ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Fi ìbomú tó dára sínú ẹrù pẹ̀lú, eruku ìrókò ń ta sí imú àti ara.

Bàbá ti mọ igi kí wọ́n tó bí èmi, ṣùgbọ́n tí ráútà bá ti dorí kodò sábẹ́ tábìlì, ìrìn rẹ̀ yí padà. Láti ọ̀tún sí òsì ni kí wọ́n máa ti igi. Tí wọ́n bá ti í láti òsì, bíìtì á gbà á lọ́wọ́ wọn. Igi kò sì gbọdọ̀ gba àárín fẹ́ǹsì àti bíìtì kọjá láé. Ọmọ iṣẹ́ kan tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ níṣojú mi. Igi náà já gbà, ó fò kọjá gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ó sì lu ògiri òdìkejì. Ọmọ náà ṣì ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó ń ka ìka. Gbogbo rẹ̀ pé, a dúpẹ́. Ẹ̀wẹ̀, kí wọ́n yọ iná kúrò lára ògiri kí wọ́n tó pààrọ̀ bíìtì. Tí ọ̀pá bíìtì bá kan ìsàlẹ̀ ihò, kí wọ́n fà á sókè díẹ̀, bíi mìlímítà mẹ́ta, kí wọ́n tó dè é.

Fóònù ni kó o fi sọ èyí fún wọn fúnra rẹ, kí ọmọ iṣẹ́ náà wà níbẹ̀ kó gbọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó (Maryland):
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti pe Bàbá láàárọ̀ yìí, ọmọ iṣẹ́ wọn méjèèjì wà níbẹ̀. Wọ́n ní pílíwúùdù ń bẹ nílẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù lára iṣẹ́ kan ní Òru-Ìjẹ̀bú, jẹnẹrétọ̀ wọn sì tó. Ìyá Rẹ́mọ, màá pè yín lálẹ́ nítorí ráútà ti ọ̀dọ̀ yín.

Mo sọ ìwọ̀n pélétì fún wọn, ínṣì mẹ́sàn-án àti ìdámẹ́rin sí mọ́kànlá àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ka nọ́ńbà. Wọ́n ní kí n gbé pélétì náà lé páálí, kí n fi pẹ́ńsùlù yí i ká, títí kan igun rẹ̀ tó yípo, kí n gé e, kí n sì fún ẹni tó bá ń bọ̀ wálé láìpẹ́.