Ọmọ mi tí ò gbọ́ràn dáadáa máa ń ṣubú ṣáá, ẹ gbà mí o

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin òbí, Ìlọrin la wà. Yírùnyírùn ló ba etí ọmọkùnrin mi jẹ́, ó ti pé ọdún 6 báyìí, àtìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ti ranlẹ̀ mọ́, tí wọ́n bá wá mú iná lọ lálẹ́ báyìí, ó ti ṣubú nìyẹn. Ní ilé kéú wọ́n ní kì í fara balẹ̀, ó dùn mí gan-an, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé inú etí lọ́hùn-ún náà ni ohun tó ń jẹ́ kéèyàn dúró déédéé wà, ẹ̀gbẹ́ ibi tá a fi ń gbọ́ràn gan-an.

Ta ló ti rírú ẹ̀ rí? Ṣé fisioterapísì, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, tó mọ̀ nípa ẹ̀ wà nítòsí? Eré ìdárayá wo lẹ̀ ń ṣe fún tiyín nílé?