Go-kart àlòkù tí mo rà fún ọmọ: báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá wọ́n ti ṣe recall ẹ́ńjìnnì rẹ̀?

Ìyá Dámi, Houston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo ra go-kart àlòkù kan, ọkọ̀ kékeré onírin tí wọ́n fi ń ṣeré, lọ́wọ́ ẹnìkan ládùúgbò wa fún Dámi, ọmọ ọdún 11. Oníjókòó méjì ni, irin rẹ̀ ṣì dúró dáadáa, owó rẹ̀ ò sì gani lára. Àmọ́ láàárọ̀, bàbá rẹ̀ wọ gáréèjì, ó ní òórùn epo bẹntiróòlù gba gbogbo ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ a ò tíì tan án rárá. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ mi wá ní kí n wò ó bóyá wọ́n ti ṣe recall rẹ̀ bíi ti mọ́tò, ìyẹn ni pé wọ́n ti pè é padà nítorí àléébù. Mo lọ sójú ewé NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò mọ́tò, mo tẹ orúkọ kart náà, kò sí nǹkankan. Ṣé ìyẹn ni pé kò séwu? Tó bá sì wà lára èyí tí wọ́n pè padà, ṣé mo lè tà á kí n gba owó mi? Bàbá Dámi ní òun á kúkú fi ránṣẹ́ sáwọn ọmọ àbúrò òun n'Íbàdàn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ pààrọ̀ páìpù epo, ó parí. Ẹ́ńjìnnì kékeré wo ni kì í rùn epo? L'Ékòó, pálọ̀ ni jẹnẹrétọ̀ tiwa ń sùn mọ́jú nítorí olè, a sì dàgbà.

Bàbá Kẹ́hìndé, Baltimore

Ọmọ Ìjẹ̀bú, o pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ má kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Ìyá Dámi, ẹ kú ọmọ o. Iṣẹ́ mi nìyí: ẹ̀rọ ìgékoríko, jẹnẹrétọ̀, ohun gbogbo tó bá ti ní ẹ́ńjìnnì kékeré. Kí ẹ tó ka èyí tó kù, ẹ ti fáfù epo tó wà nídìí táǹkì pa, kí ẹ sì ti nǹkan náà jáde kúrò ní gáréèjì. Lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, gáréèjì ni ọ̀pọ̀ ilé ń gbé ẹ̀rọ amómigbóná onígáàsì sí. Oru bẹntiróòlù kì í lọ sókè, ilẹ̀ ló ń fà tọ̀ bí ejò, iná tín-ín-rín tó wà nídìí ẹ̀rọ yẹn ló sì máa ń lọ bá.

Ẹ ò lè rí i lọ́dọ̀ NHTSA, torí ọkọ̀ ojú títì ni tiwọn. CPSC ló ni go-kart ìṣeré, àjọ tí òfin ọdún 1972 dá sílẹ̀ láti máa mójú tó ohun tí à ń rà sílé. Ẹ lọ sí cpsc.gov. Àmọ́ ẹ má tẹ orúkọ kart nìkan o, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Àwọn tó ń ṣe kart, irin ni wọ́n ń jó pọ̀; ẹ́ńjìnnì, rírà ni wọ́n ń rà á: ti Honda, ti Briggs & Stratton, ti Tecumseh nígbà kan. Bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kart àkọ́kọ́ tí Art Ingels ṣe ní California ní 1956, ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ ìgékoríko ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, tí wọ́n bá rí àléébù lára ẹ́ńjìnnì kan, ìkéde lè jáde lórúkọ jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ ìgékoríko, kí go-kart jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nísàlẹ̀. Ẹ wá orúkọ kart, kí ẹ tún wá ti ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀.

Nọ́ńbà ló ń parí ọ̀rọ̀. Briggs máa ń tẹ mẹ́ta mọ́ irin: Model, Type, Code. Ẹ wo ara páànù tó bo fáànù, tàbí òkè sàlẹ́ńsà. Ìdọ̀tí á ti bò ó, ẹ fi àkísà nù ún dáadáa. Nínú Code yẹn, nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ni ọdún tí wọ́n ṣe é, méjì tó tẹ̀ lé e ni oṣù, méjì mìíràn ni ọjọ́. Ìkéde á sọ pé láti nọ́ńbà báyìí dé báyìí. Tí tiyín bá ti bọ́ síta, kò kàn yín. Ti Honda, ara ẹ́ńjìnnì gan-an ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Àwọn kan wà láti Ṣáínà tí wọ́n jọ Honda GX dé orí bóòtù, recall ti Honda ò kàn wọ́n.

Ní ti títà: tó bá wà nínú recall, rárá. Láti òfin ọdún 2008, ó lòdì sófin láti ta ohun tí wọ́n ti pè padà, ì báà jẹ́ ní iwájú ilé yín. Ìbàdàn ńkọ́? Ẹ sọ fún Bàbá Dámi pé ta ni yóò bá wọn tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ní Challenge?

Ìyá Dámi

Ẹ ṣé gan-an, sà. Ó ti wà níta. Briggs ni, Code rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0409. Mo wá méjèèjì, kò sí èyí tó bá nọ́ńbà wa mu. Páìpù rọ́bà tó wá sídìí kabúrétọ̀ ló ti sán, epo ń kán sílẹ̀ níbẹ̀. Bàbá Dámi tún rí wáyà kan tí wọ́n fi so irin pẹlẹbẹ kan mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ kabúrétọ̀. Kí nìyẹn?

Bàbá Kẹ́hìndé

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2004 nìyẹn. Rọ́bà tó bá ti tó bẹ́ẹ̀ á sán, kò nílò recall. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún epo, kì í ṣe ti omi, kí ẹ sì fi kílíìpù tuntun dè é lójú méjèèjì.

Wáyà yẹn ló bà mí lẹ́rù ju epo lọ. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló so gọ́fánọ̀ pa kó lè sáré sí i. Gọ́fánọ̀ ni kì í jẹ́ kí irú ẹ́ńjìnnì yìí yí kọjá nǹkan bíi 3600 ní ìṣẹ́jú kan. Tí wọ́n bá ti dè é, irin inú rẹ̀ lè ṣẹ́ kó lu ara ẹ́ńjìnnì jáde, ẹ̀yìn ọmọ ló sì wà. Kò sí ìkéde kankan tó máa sọ ìyẹn fún yín, torí ọwọ́ ẹnìkan ló ṣe é. Ẹ má tan án. Ẹ ya fọ́tò ibẹ̀ kẹ́ ẹ fi síbí, kí n wo ibi tí spring rẹ̀ yẹ kó wà.