Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì dúdú ju ojú mi yòókù lọ: ìpara pípò ni kí n rà ni, àbí ti oòrùn?

ÌyáMorẹ́nikẹ́ (Kubwa)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kubwa ni mo ń gbé. Àkàrà ni mo ń dín láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán mo máa ń pàtẹ ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá títì. Ìgbà tí mo lóyún àbígbẹ̀yìn mi ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó gun òkè imú, ó sì kan iwájú orí. Kò yún mi, kò dùn mí, kò wú. Mo ní tí mo bá ti bímọ, á lọ. Ọmọ ti ń sáré kiri báyìí, àmì ò lọ. Oníbàárà kan tiẹ̀ bi mí pé ṣé ọkọ mi ló gbá mi lójú.

Obìnrin kan tó ń po ìpara lọ́jà ní òun á po ọ̀kan fún mi, ó ní láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ojú mi á mọ́ roro, pé organic ni. Àǹtí ọkọ mi ní kí n má dán an wò, pé ìpara oòrùn ni kí n rà. Ẹ̀rín pa mí. Èmi tí mo dúdú báyìí, kí ni oòrùn tún fẹ́ fi mí ṣe? Owó tó wà lọ́wọ́ mi ò lè ra méjèèjì. Mi ò fẹ́ di òyìnbó o, àwọ̀ mi ni mo fẹ́ gbà padà.

BàbáṢadé (Sábọ́n Gàrí, Kánò)
Ìyá Morẹ́nikẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Oòrùn Kánò ju ti Abuja lọ, inú ẹ̀ ni mo ti ń ta páàtì ọkọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ojú mi ò ṣe nǹkan kan. Ẹ lọ wá ọṣẹ dúdú, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ máa fi ra ojú láàárọ̀ kí ẹ tó jáde. Ìyá wa nílé ò lo nǹkan mìíràn.

Nọ́ọ̀sìÀgbà (Kàdúná)
Bàbá Ṣadé, ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn sórí ẹja yín, ẹ má fi sójú obìnrin olóbìnrin. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ lára, kí oòrùn tún pàdé ẹ̀ níbẹ̀, iná ni. Ibẹ̀ á lé ròrò, tó bá sì gbẹ, á dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyá Morẹ́nikẹ́, nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, mo sì pẹ́ ní kíníìkì awọ ara. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, òkè imú, iwájú orí, tó bẹ̀rẹ̀ nínú oyún: ó jọ èyí tí àwọn dókítà ń pè ní melasma. Mi ò rí ojú yín, dókítà ló máa fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Họ́mónù oyún ló ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè àwọ̀ dúdú jí, oòrùn á wá máa lé wọn níṣẹ́. Ẹ bímọ tán, họ́mónù rọlẹ̀, oòrùn ò kúrò lẹ́bàá títì. Ṣé ẹ ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró? Ẹ dá mi lóhùn, torí òun náà lè mú un dúró.

Àǹtí ọkọ yín gbọ́n. Lóòótọ́, àwọ̀ dúdú ò jẹ́ kí oòrùn jó wa bó ṣe ń jó òyìnbó. Ṣùgbọ́n ní ti kí àmì yọ, àwa gan-an ló ń tètè ṣe, torí sẹ́ẹ̀lì tiwa ò nílò ìdí púpọ̀ kó tó ṣiṣẹ́ àṣejù. Kì í sì í ṣe ìtànṣán oòrùn tí ojú ò rí nìkan ló ń fà á. Ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń ríran yìí náà ń mú awọ dúdú ṣú, ibẹ̀ sì ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣòfò sí. Wọ́n á ra ìpara oòrùn funfun, SPF 50 (nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ń dáàbò boni tó lọ́wọ́ oòrùn), olówó gọbọi, á dá ìtànṣán dúró, ìmọ́lẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá. Èyí tí wọ́n po àwọ̀ mọ́ ni kí ẹ wá, tó rí bíi páńkéèkì, tí wọ́n kọ iron oxides sára páálí ẹ̀. Ìpẹtà irin ni, irú ẹ̀ náà ló mú ilẹ̀ Kubwa pupa. Kì í tún sọ ojú di eérú bíi ti funfun. SPF 30 tó. Ẹ fún un sórí ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín látìdí dé orí, ti ojú àti ọrùn nìyẹn. Ẹ máa tún un fi ní wákàtí méjì méjì, ẹ̀yin tí ẹ ń làágùn.

Ẹ ní owó ò tó. Akẹtẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, èyí tí etí ẹ̀ fẹ̀, tí àwọn Hausa ń hun. Owó ẹ̀ ò tó ti ìpara, kì í sì í tán. Ẹ yí àtẹ yín kí oòrùn ọ̀sán má kọjú sí yín, aago mẹ́wàá sí mẹ́rin ló burú jù. Ní Abuja, nínú oṣù kẹrin, oòrùn máa ń dúró ní ọ̀gangan àtàrí wa. Tí ọyẹ́ bá dé, tí eruku bo ojú ọ̀run, ẹ má jẹ́ kó tàn yín, ìtànṣán ń kọjá níbẹ̀. Ooru iná àkàrà náà ń dá kún un. Ẹ jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ á ti máa gbé e lọ sódìkejì, kẹ́ ẹ sì má tẹ orí sórí epo.

Ní ti ìpara pípò, mo bẹ̀ yín. Àwọn tó ń po ó kì í kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ sára ike. Ohun tó sábà máa ń wà níbẹ̀ ni clobetasol, ìyẹn sitẹ́rọ́ìdì tó le gan-an, hydroquinone tó ń bó àwọ̀, tí kò sì níwọ̀n, nígbà míì mẹ́kúrì. Ọ̀sẹ̀ méjì tó sọ yẹn, kò purọ́, ojú á mọ́! Lẹ́yìn ẹ̀ awọ á fẹ́lẹ́, irorẹ́ á bo ojú, tẹ́ ẹ bá sì dá a dúró, gbogbo ẹ̀ á padà pẹ̀lú èlé. Ẹni tó bá ń fi hydroquinone para lójoojúmọ́ fún ọdún gbọọrọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ lè dúdú bí aró, kó máa yọ kókó wẹ́wẹ́, àwọn dókítà gan-an ò mọ bí wọ́n ṣe máa tètè mú un kúrò. Mẹ́kúrì ń ba kíndìnrín jẹ́, ọmọ tó ń fi ẹnu kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín á sì gbà nínú ẹ̀.

ÌyáMorẹ́nikẹ́
Mà, ẹ ṣeun gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni, oníhóró ni mò ń lò, mo sì ti já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ṣé kí n dá a dúró lónìí? Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ dókítà ńkọ́, kí ni wọ́n máa ṣe? Ẹnì kan ní laser ni kí n lọ ṣe.

TúndéLugbe
Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Takisí ni mo ń wà ní ojú títì Airport Road. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mi ṣú ju ọ̀tún lọ, ìyàwó mi ní mo ń sùn lé e ni.

Nọ́ọ̀sìÀgbà (Kàdúná)
Túndé, ẹ̀gbẹ́ òsì ni wíńdò yín wà, àbí? Gíláàsì iwájú ọkọ̀ ń dá ọ̀pọ̀ ìtànṣán dúró, ti ẹ̀gbẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ so aṣọ kékeré kọ́ ọ, kẹ́ ẹ sì fi ìpara oòrùn sójú àti ọwọ́ òsì. Ìyàwó yín ń fi yín ṣẹ̀sín ni.

Ìyá Morẹ́nikẹ́, ẹ má dá hóró dúró fúnra yín, kí oyún mìíràn má lọ wọlé, kí òun náà tún kó àmì tiẹ̀ wá. Ẹ padà síbi tí wọ́n ti fún yín, ẹ ní ẹ fẹ́ ọ̀nà ìfètòsọ́mọbíbí tí kò ní estrogen, họ́mónù obìnrin tó sábà máa ń wà nínú hóró, bíi lúùpù oníkọ́pà.

Ẹ lè lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì ní Gwagwalada, tàbí National Hospital. Ẹ gba káàdì, ẹ rí dókítà gbogbogbòò, òun ni yóò kọ̀wé fún yín lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn awọ ara. Ẹ kó gbogbo ike ìpara tẹ́ ẹ ti lò dání. Wọ́n lè fún yín ní ìpara alẹ́ tí wọ́n po hydroquinone 4% mọ́ tretinoin, oògùn tó ń mú kí awọ tètè pààrọ̀, àti sitẹ́rọ́ìdì díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, hydroquinone náà ni, ṣùgbọ́n ó níwọ̀n, ó sì lọ́jọ́ tó máa dúró: bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n á pè yín padà wá wò. Aláboyún ò gbọ́dọ̀ fi tretinoin sára, azelaic acid ni wọ́n máa ń fún irú wọn. Tí èyí ò bá tó, wọ́n lè fi ásíìdì fẹ́ẹ́rẹ́ bó ojú díẹ̀díẹ̀, tàbí kọ tranexamic acid fún mímu, oògùn tó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì. Ẹ sọ fún wọn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì rí lára ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín. Laser kì í ṣe ohun tí a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ooru ẹ̀ lè dá àmì tuntun sílẹ̀ lára awọ dúdú, pàápàá lọ́wọ́ ẹni tó kàn ra ẹ̀rọ tó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Oṣù díẹ̀ lẹ máa fi dúró kẹ́ ẹ tó rí ìyàtọ̀, ó sì lè padà tí oòrùn bá tún rí yín láìsí akẹtẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ìpara aláwọ̀ yẹn, ilé ìtajà oògùn ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Ẹ má ra èyí tó ti wà lórí bárò nínú oòrùn láti àárọ̀, ooru ti jẹ ẹ́ tán.