Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Iṣu gbígbóná, kúùbù, àti iye ìṣẹ́jú tí yóò fi tutù

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní SS 2 mú iṣẹ́ àmúrelé ìṣirò kan wálé, ẹnu èmi àti bàbá rẹ̀ kò sì kò lórí rẹ̀. Wọ́n ní ègé iṣu sísè kan tó rí bíi kúùbù, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4, gbóná dé dígírì 100 nígbà tí wọ́n gbé e sínú yàrá tí ooru rẹ̀ jẹ́ 28, àti pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 ó ti wálẹ̀ sí 64. Ìgbà wo ni yóò di 40? Kí ni yóò sì yí padà bí a bá kọ́kọ́ gé e sí kúùbù oní-sẹ̀ǹtímítà 2? Bàbá rẹ̀ ní níwọ̀n ìgbà tí dígírì 36 ti lọ ní ìṣẹ́jú 10, dígírì 60 yóò lọ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 17, ṣùgbọ́n ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 26. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún un láìjẹ́ pé ó kàn há fọ́múlà sórí?

Tíṣà Àgbà:
Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìṣirò bàbá ì bá tọ̀nà bí iṣu bá ń tutù ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n bí ohun gbígbóná bá ṣe ń sún mọ́ ooru yàrá, bẹ́ẹ̀ ni ìyára tó fi ń tutù ń dín kù. Isaac Newton ló kọ òfin yìí jáde ní 1701, kò tilẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ sí i. Nítorí náà, kí ọmọ yìí fi 100 sílẹ̀, kó wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín iṣu àti yàrá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyàtọ̀ náà jẹ́ 72. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 ó jẹ́ 36, èyí tí í ṣe ìdajì rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ní ìṣẹ́jú 20 yóò di 18, iṣu yóò sì wà ní 46. Ní ìṣẹ́jú 30 yóò di 9, iṣu yóò sì wà ní 37. Kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò rárá, ó ti mọ̀ pé àárín ìṣẹ́jú 20 sí 30 ni 40 wà.

Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà:
Òótọ́ ni Tíṣà sọ, àmọ́ ẹni tó ń máàkì ìwé WAEC yóò fẹ́ rí iṣẹ́ tó pé. Ìyàtọ̀ tí a ń wá jẹ́ 12, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́fà 72. Kó pín lọ́gì 6, tí í ṣe 0.7782, pẹ̀lú lọ́gì 2, tí í ṣe 0.3010, yóò rí 2.585. Iye ìgbà tí ìyàtọ̀ náà yóò pín sí méjì nìyẹn, ìgbà kọ̀ọ̀kan sì gba ìṣẹ́jú 10, nítorí náà ó jẹ́ ìṣẹ́jú 25.85.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Bàbá rẹ̀ ti gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní iṣu tòun kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú àwo. Ní ti ìbéèrè kejì, ọmọ náà kọ ọ́ pé ègé 2 ni yóò jáde, nítorí pé 4 jẹ́ ìlọ́po méjì 2.

Tíṣà Àgbà:
Ẹ fún un ní ọ̀bẹ àti iṣu, kó gé e láàárín ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga. Ègé 8 ni yóò kà. Ojú mẹ́fà ni kúùbù ńlá ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4 lọ́nà 4, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 96. Kúùbù kékeré kọ̀ọ̀kan ní 24, mẹ́jọ rẹ̀ sì jẹ́ 192. Iṣu kò lé, kò dín, ṣùgbọ́n ojú tí ooru ń gbà jáde ti di ìlọ́po méjì; ìyàtọ̀ náà yóò wá máa pín sí méjì ní ìṣẹ́jú 5 péré.

Àbúrò yín ní Ìlọrin:
Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ègé náà kò fara kanra, nítorí pé bí a bá kó wọn jọ gègèrè, ojú tó fara pamọ́ kò ní lè tú ooru sílẹ̀. Ìbéèrè náà tún gbà pé inú iṣu àti ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná bákan náà, ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nínú iṣu gidi, àmọ́ ẹ má fi ìyẹn dà á láàmú ní SS 2.

Ìyá Ìbejì:
Ó ti ṣe é tán: 2.585 lọ́nà 5, ìṣẹ́jú 12.9. Ṣé ó tọ̀nà?

Tíṣà Àgbà:
Ó tọ̀nà, Ìyá wa.