Fíìmù tó pa yín lẹ́rìn-ín, tó tún pa yín lẹ́kún: ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Ọ̀kẹ̀sà

Èmi àtàwọn ọmọ mi jiyàn lálẹ́ àná. Wọ́n ní fíìmù aláwàdà ò gbọdọ̀ ní ìbànújẹ́ nínú, pé kí olúkúlùkù dúró sáàyè rẹ̀. Mo ní irọ́ ni.

Iléṣà ni wọ́n ti bí mi, ní Ọ̀kẹ̀sà. Ní nǹkan bí 1990, bọ̀ọ̀dá kan ṣoṣo ló ní fídíò ládùúgbò wa. Sátidé kan ló gbé "Ọ̀run Móoru" dé, fíìmù Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, ọmọ Iléṣà, èyí tí Ọlá Balógun darí ní 1982. Pálọ̀ kún àkúnya. Àwa ọmọdé wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn àgbà wà lórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀pà sísè ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bàbá Sàlá ò tíì lanu sọ̀rọ̀ tí ilé ti dàrú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wò ó mọ ìtàn náà: ọkùnrin kan bọ́ sọ́wọ́ àwọn gbájú-ẹ̀ tó ní àwọn lè sọ owó di ìlọ́po, wọ́n gbọ́n ọn gbẹ, ayé sú u, ó fẹ́ pa ara rẹ̀. Ẹ̀rín là ń fi gbogbo èyí rín o! À ń yí gbirigbiri nílẹ̀. Mo bá gbójú sókè kí n rí bí bàbá mi ṣe ń rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀pà kan wà láàárín ìka rẹ̀, ó ti bó o, kò jù ú sẹ́nu. Nígbà tó yá, ó dìde, ó ní òun ń lọ tọ̀. Kò padà wá.

Ó pẹ́ gan-an kí ìyá mi tó sọ fún mi. Òṣómàáló ni bàbá mi, aṣọ àwìn ló ń tà. Kí wọ́n tó bí mi, ó kó owó ọjà ọdún kan gbáko fún irú àwọn èèyàn yẹn. Òun tó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè wá di ẹni tó ń gba ẹ̀yìnkùlé sá fún àwọn tó jẹ ní gbèsè.

Mo ti tún fíìmù náà wò lẹ́yìn ìyẹn, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti kan ibẹ̀, ẹ̀pà yẹn ni mo máa ń rí.

Great Ifẹ̀ àtijọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àtijọ́. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Ifẹ̀, mo ṣe géètìmáànù nínú eré kan ní Odùduwà Hall. Ibi tí ọkùnrin yìí ti ń jẹun ni wọ́n ti wá sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ kú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ẹkún yẹn. Bí mo ṣe lanu báyìí, ẹ̀bà ṣì wà lẹ́nu mi, gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo ti rí i ṣe, mo bá ń fi kún un: mo yíjú, mo ju fìlà sókè. Ẹ̀rín kú fin-ín.

Olùdarí pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "Géètìmáànù yẹn ò mọ̀ pé òun ń pani lẹ́rìn-ín. Ìwọ ti mọ̀, ìyẹn ló bà á jẹ́." Lọ́jọ́ kejì, mo kàn rọra gbé òkèlè ẹnu mi mì, mo béèrè pé, "Ṣé ó jẹun kó tó kú?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ẹnìkan fọnkun lẹ́yìn lọ́hùn-ún.

Ìyá Ìbejì, Lágere

Ẹ kú iṣẹ́ o. Oúnjẹ ni mo ń tà ní Lágere, mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ fíìmù. Ọmọ mi ló ní kí n wá wo The Bear, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà nípa ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ kan, pé ó gba àmì-ẹ̀yẹ Emmy fún eré aláwàdà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Mo jókòó. Àwọn èèyàn ń jágbe mọ́ra wọn nídìí iná, owó ò tó ná, ẹ̀gbọ́n ẹni tó jogún ṣọ́ọ̀bù náà ló sì pa ara rẹ̀. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, èwo ni àwàdà níbẹ̀? Ilé ìdáná mi láàárọ̀ Mọ́ńdè nìyí!" Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ló ń fi rẹ́rìn-ín.

Ó tún ní, ní 2015, àwọn tó ń fúnni ní Emmy ṣòfin pé eré tí kò bá ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, àwàdà ni wọ́n máa kà á sí, àfi bí àwọn tó ṣe é bá lọ rojọ́. Aago ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀rín, kí wọ́n tó pa òfin yẹn tì ní 2021! Bàbá Sàlá ló yẹ kí wọ́n fi ṣe alága, òun tó máa ń gbé odidi aago ńlá kọ́ra bí aago ọwọ́.

Ọmọ Ọ̀kẹ̀sà

Ìyá Ìbejì, ẹ ti pa mí o!

Ó ku ibì kan tí mi ò sọ. Ayédèrú ni kásẹ́ẹ̀tì tá a wò lọ́jọ́ yẹn. Àwọn olè ló jí fíìmù náà dà sórí fídíò, tí wọ́n ń tà á kiri, gbèsè sì wọ Bàbá Sàlá lọ́rùn. Nígbà tó kú ní October 2018, bọ̀ọ̀dá tó ni fídíò pè mí. Ó ní, "Ṣé o rántí Sátidé yẹn? 50 kọ́bọ̀ ni mo gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan yín lẹ́nu ọ̀nà." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá dákẹ́, èmi náà dákẹ́, owó ìpè sì ń lọ.